Ìkìlọ̀: ẹ má so "bíléèdì dósà" aláwọ̀ yẹ́lò yẹn mọ́ katakata kékeré yín

Ẹ̀yin ará wa ní Àbújá, pàápàá ẹ̀yin tó ní oko ní Kuje àti Gwagwalada, àti ẹ̀yin tó ń mójú tó ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àti ẹ́sítéètì: irin gbàgẹ̀rẹ̀ tí ọkùnrin kan ń polówó kiri lórí WhatsApp, tó ní bíléèdì dósà ni, pé ẹ lè so ó mọ́ iwájú katakata tí ẹ fi ń gé koríko kí ẹ máa fi tẹ́ ilẹ̀, irọ́ ni. Bíléèdì tí wọ́n fi ń gbá yìnyín kúrò lójú ọ̀nà ní Kánádà àti Amẹ́ríkà ni. Inú kọ̀ńténà tòkunbọ̀ ló ti bọ́ sílẹ̀, ọ̀dà nìkan ló tuntun lára rẹ̀.

Títún irú katakata wọ̀nyí ṣe niṣẹ́ mi ní Apo. Àwọn tó ti kó sí i lọ́wọ́ ló ń gbé tiwọn wá, ìtàn kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ.

Yorùbá ni ọkùnrin náà, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Bó bá ti gbọ́ orúkọ yín, ẹ di ẹ̀gbọ́n rẹ̀: "Ṣé ẹ̀yin ni n ó wá rẹ́ jẹ lókè ọya?" Á ní kí ẹ má mú kékeré, èyí tó fẹ̀ ní íǹṣì 54 ni kí ẹ mú, kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ ó sanwó, ẹ ó gbé e délé, ihò rẹ̀ kò ní bá ti katakata yín mu. Kò sì lè bá a mu, torí irin tó ń so bíléèdì mọ́ abẹ́ katakata, oríṣi kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Bí ẹ bá pè é, kò ní bínú rárá, á kàn darí yín sọ́dọ̀ wẹ́dà kan nítòsí. Wẹ́dà á lu ihò, á jó irin mọ́ irin, á gba owó tirẹ̀. Ibẹ̀ ni pàkúté ti ré. Ẹ dá ọjà padà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó gbọ́ pé ọjà tí wọ́n bá ti jó níná kì í padà. Ẹni rẹ̀ ni wẹ́dà náà.

Yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kì í wúwo. Èyí tó kún àpótí tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní òró lè má ju 100 kg lọ. Yẹ̀pẹ̀ inú àpótí kan náà ju 1,200 kg lọ kí òjò tó rin ín, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ katakata ọgbà fúnra wọn kò tó 400 kg. Ẹ wá fi íǹṣì 54 síwájú irú ẹ̀ nínú yangí Gwagwalada! Kódà ní Kánádà, ẹni tó bá gbé bíléèdì tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ máa ń so irin wíwúwo mọ́ ẹ̀yìn katakata, á sì wé ṣéènì mọ́ táyà kó lè rí ilẹ̀ dì mú. Ìdí tí wọ́n fi ń fẹ́ kó fẹ̀ níbẹ̀ tilẹ̀ yàtọ̀: bí wọ́n bá dà á kọ ẹ̀gbẹ́ ní ìwọ̀n dígírì 30, íǹṣì 54 á di nǹkan bíi 47, ó sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ipa táyà lọ.

Gíábọ́ọ̀sì ló ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń fi ọ́ìlì ti táyà. Bí ẹrù bá wúwo jù, ọ́ìlì á gbóná, á fẹ́lẹ́, ẹ ó tẹ pẹ́dà títí, kò ní lọ. Púpọ̀ nínú àwọn kéékèèké ni wọ́n ti sé pa láti ilé iṣẹ́, wọn kò ní ihò tí ẹ lè gbà tú ọ́ìlì náà. Òmíràn ni ẹ máa wá, ó sì lè wọ́n ju bíléèdì ọ̀hún lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀, ẹ̀yìn ni kí ẹ wò. Ẹ ó rí sípíríǹgì gígùn, kan tàbí méjì. Bí ẹnu bíléèdì bá kọlu òkúta tàbí etí gọ́tà, sípíríǹgì yìí ló ń jẹ́ kó tẹ̀ síwájú kó má bàa fọ́ nǹkan. Nínú yẹ̀pẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ gé ilẹ̀ ló ń tẹ̀. Ó kàn ń dọ̀bálẹ̀ fún ilẹ̀ ni. Wẹ́dà yẹn á ní kí òun jó sípíríǹgì pa. Ẹ má gbà, torí férémù katakata ni gbogbo ìkọlù máa wọ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ náà: ẹsẹ̀ irin kékeré méjì wà níbẹ̀, tó ń gbé ẹnu rẹ̀ sókè kúrò lórí òkúta wẹ́wẹ́. Kí ni bíléèdì tó fẹ́ gé ilẹ̀ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Kì í sì í ṣe gbogbo 54 rẹ̀ ni 54. Ọkùnrin náà ń ra ti íǹṣì 42, á jó páànù mọ́ ọn lápá méjèèjì, á fi fíílà tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò dí ojú rẹ̀, á kùn ún. Ẹ mú òòfà kékeré dání. Ibi tí fíílà bá ti nípọn, kò ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹni tó bá ti rà á, ẹ má lu ihò kankan sí i, ẹ dá a padà kíákíá. Òfin ọdún 2018 tí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń mú ṣẹ sọ pé bí ẹ bá ti sọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ọjà ṣe fún ẹni tó tà á, tí kò sì yẹ fún iṣẹ́ náà, ẹ lè dá a padà láàárín àkókò tó bójú mu, kí ẹ gba owó yín pé. Ẹni tí kò bá tíì sanwó, kó ní kí ẹni tó ń tà á kọ ọ́ sórí rìsíìtì, "fún títẹ́ yẹ̀pẹ̀". Oníbàárà mi kan béèrè bẹ́ẹ̀, ọkùnrin náà ní báírò òun ti gbẹ.

Wọ́n ti fi fídíò tuntun hàn mí. Ó ti fi ọ̀dà búlúù kun àwọn tó kù báyìí, ó ní ti oko ìrẹsì ni.