Gílóòbù pupa 60W àbí energy saver 15W?
Ẹ jọ̀ọ́, wáàtì kọ́ ni ìmọ́lẹ̀ o, iye iná tí gílóòbù ń jẹ ni. Gílóòbù pupa 60W yẹn, ooru ló ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú iná ẹ̀ ṣe, ẹ fọwọ́ kàn án lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ́ ẹ wò ó (ó ti jó mi lọ́wọ́ rí). Energy saver 15W tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín yẹn, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ò kéré sí ti pupa, méjèèjì ń lọ sí bíi lumen 800 (lumen ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀), ìyẹn ni wọ́n ṣe ń kọ "15W = 60W" sára páálí ẹ̀. 15 yẹn ni mítà ń kà o, 60 kàn ń sọ irú gílóòbù tó lè rọ́pò ni.

Tẹ́ ẹ bá ń tàn án fún wákàtí 5 lójúmọ́, lọ́jọ́ 30, pupa á jẹ yúníìtì 9, ìkejì ò ní ju 2.25 lọ.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti tẹ súìṣì báyìí ni pupa ti mọ́lẹ̀, energy saver á kọ́kọ́ máa ṣe bí ẹni tó ń tojú oorun bọ̀. Mákúrì, kẹ́míkà olóró kan, tún wà nínú ẹ̀, tó bá fọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má fọwọ́ lásán kó o. Tèmi o, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ni mo fi pupa sí, torí títàn-pípa léraléra máa ń tètè ba energy saver jẹ́.