Mo fi gílóòbù LED sínú láàmpù orí àtijọ́ tí mo fi ń wọ ihò àpáta, ohun tí mo rí rèé

Kí n ti sọ ibi tí mo ń lọ kí ọ̀rọ̀ tó gùn: tí láàmpù orí yín bá ṣì lágbára, tí ara ẹ̀ ò tíì là, tí omi ò sì máa wọ inú ẹ̀, ẹ má jù ú nù torí pé gílóòbù ayé ijọ́un ló wà nínú ẹ̀. Ẹ pààrọ̀ gílóòbù jàre. Àmọ́ ẹ má torí iye lumen (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) tí wọ́n kọ sára páálí rà á o, nítorí nǹkan méjì ló ṣe pàtàkì jù nínú ihò, bí iná yẹn ṣe ń tàn káàkiri àti bó ṣe máa ń kú tí bátìrì bá ń lọ, àwọn tó ń ta gílóòbù yìí kì í sì í sọ nǹkan kan nípa méjèèjì.

Irú láàmpù tí mò ń sọ, àwọn tó ti pẹ́ nídìí ihò wíwọ̀ á mọ̀ ọ́n, ìran Petzl Duo ayé àtijọ́ ni: iná wà níwájú hẹ́lmẹ́ẹ̀tì, àpótí bátìrì wà lẹ́yìn, AA mẹ́rin, wáyà kan so méjèèjì pọ̀, gílóòbù méjì ló wà nínú ẹ̀, kékeré kan téèyàn fi ń rìn àti halogen kan, gílóòbù àtijọ́ tó lágbára jù ú lọ tó ń fi wáyà tín-ínrín tàn, fún ìgbà téèyàn bá fẹ́ wo ọ̀ọ́kán. Fernand Petzl tó dá iléeṣẹ́ yẹn sílẹ̀ nílẹ̀ Faransé, òun fúnra ẹ̀ ń wọ ihò, ó sì hàn nínú iṣẹ́ wọn, súwíìṣì ẹ̀ tóbi débi pé èèyàn lè fi ọwọ́ tó wà nínú ìbọ̀wọ́ ẹlẹ́rẹ̀ yí i láì wò ó. Nǹkan báyìí ṣòroó jù nù.

Kí ló wá dé tí mo fẹ́ pààrọ̀ gílóòbù? Ebi ni o, ebi bátìrì. Halogen yẹn ń fa 0.5 ampere lórí 6 volt, watt 3 nìyẹn, ó ń jẹ bátìrì bí ẹni tó gbààwẹ̀ mọ́jú, AA alkaline mẹ́rin tuntun, wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún ó ti tán, bẹ́ẹ̀ ooru lásán ló pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tó jẹ yẹn. Ti wáyà tín-ínrín inú ẹ̀ tún wà ńbẹ̀, téèyàn bá ti fi orí gbá òrùlé ihò lẹ́ẹ̀kan, ó lè já, èèyàn á wá kúnlẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀, á máa fọwọ́ wá gílóòbù mìíràn nínú àpò. LED ò ní wáyà tó ń já, watt kan péré ló sì máa jẹ tó fi máa mú nǹkan bí 100 lumen jáde. Ìyẹn nìkan ti tó ìdí.

Gílóòbù méjì ni mo rà, ọ̀kan olówó pọ́ọ́kú, ọ̀kan tó gbówó lórí díẹ̀, kí n lè fi ojú ara mi rí ìyàtọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sanwó o. Ẹ kọ́kọ́ yọ gílóòbù tó wà nínú láàmpù yín kí ẹ wo ìdí ẹ̀. Tó bá ní ìlà skrúù lára, tí ìdí ẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 10, E10 nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé kò ní ìlà skrúù, ńṣe ló ń dán, tó wá ní etí pẹrẹsẹ tó yí i ká, P13.5s nìyẹn, ọ̀kan ò sì lè wọ ilé èkejì láéláé, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á búra tó pé ó ń wọ gbogbo láàmpù. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń lo láàmpù awakùsà, irú Oldham tó ń lo bátìrì òjé 4 volt tí wọ́n ń gbé sí ìgbànú, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀, volt yín kéré, ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún un.

Ọ̀rọ̀ pósítíìfù àti nẹ́gétíìfù náà ńkọ́? Gílóòbù àtijọ́ ò mọ èyí tó kàn án, ibi tó wù kí iná gbà wọlé, á tàn. LED ò gbà bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń retí pé kí pósítíìfù wà ní ṣóńṣó ìdí, kí nẹ́gétíìfù wà lára irin tó yí i ká, àmọ́ àwọn láàmpù kan wà tí wọ́n ṣe wáyà wọn ní ìdàkejì nítorí pé nígbà yẹn kò sẹ́ni tó bìkítà. Àwọn gílóòbù LED kan ní ààbò tí wọ́n bá yí i padà, á kàn dákẹ́ ni, àwọn mìíràn ò ní, wọ́n á kú pátápátá. Ẹ fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná wo ihò gílóòbù yẹn kí ẹ tó ti nǹkan kan bọ̀ ọ́, kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ẹ wo volt náà. AA alkaline mẹ́rin tuntun jẹ́ 6 volt, ó tiẹ̀ máa ń lé díẹ̀, ṣùgbọ́n bátìrì NiMH tó ṣeé ṣájì jẹ́ 1.2 volt níkọ̀ọ̀kan, mẹ́rin jẹ́ 4.8. Gílóòbù tí wọ́n kọ 6 volt sí lára láìsí àlàyé kankan lè máa tàn bàìbàì lórí 4.8, nítorí náà ẹ wá èyí tí wọ́n kọ àyè volt sí, pé láti báyìí dé báyìí. Kí ẹnikẹ́ni má sì tan yín pé kí ẹ lọ fi bátìrì lithium tí wọ́n ń pè ní 14500 sí i o. Bó ṣe rí ló tan àwọn èèyàn, ó ga tó AA, ó sanra tó AA, àmọ́ ọ̀kan ẹ̀ tó bá kún, 4.2 volt ni, mẹ́rin á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 17. Ẹ ò ní nílò ẹni tó máa sọ fún yín pé gílóòbù ti jó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ iná gan-an.

Èyí olówó pọ́ọ́kú yẹn, LED kan ṣoṣo ló jókòó sórí igi kékeré, resistor kan tó ń dín iná kù wà nísàlẹ̀, ó parí. Tí mo bá tàn án níwájú ògiri nínú ilé, áà, ó mọ́lẹ̀ o, gbogbo ògiri funfun báláú, èèyàn á rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ òkùnkùn. Nínú ihò ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ó mọ́lẹ̀ gan-an níwájú ojú mi, ó ń tàn sí imú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òrùka dúdú kan wá yí ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún ká, ibi tí ọ̀nà ti yà níwájú ni mi ò sì rí. Halogen àtijọ́ yẹn pẹ̀lú gbogbo àìlera ẹ̀ ń débẹ̀.

Ìdí ẹ̀ rèé. Abọ́ dídán tó wà lẹ́yìn gílóòbù, wọ́n ṣe é fún wáyà tó ń tàn yíká, iwájú, ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́, abọ́ yẹn á kó gbogbo ẹ̀ jọ, á jù ú síwájú ní ọ̀pá kan. LED kì í tàn sẹ́yìn, iwájú nìkan ló mọ̀, nǹkan bí 120 digirí, èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ló ń gba ẹnu abọ́ jáde láì fara kan abọ́ rárá. Tí LED yẹn bá tún wá jókòó sókè ju ibi tí wáyà àtijọ́ wà lọ, kò sí ohun tí abọ́ fẹ́ kó jọ mọ́. Ẹ gbé gílóòbù àtijọ́ àti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì, ẹ wò ó bóyá orísun iná wọn ga dọ́gba láti ibi etí irin sókè. Mílímítà kan péré ń bà á jẹ́. Ti olówó pọ́ọ́kú yẹn fi ojú ga ju ti halogen lọ, tí mo bá sì tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ díẹ̀ níbi tí mo ti ń dán an wò, ọ̀pá ìmọ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, tí mo bá fi sílẹ̀, á tún fọ́nká. Èyí tó gbówó lórí, wọ́n ti ronú sí ìyẹn, LED ẹ̀ wà nísàlẹ̀ dáadáa, àárín ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ le, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ rọ̀, mo lè rí ẹsẹ̀ mi kí n sì rí ibi tí mò ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà láì máa mirí sókè sódò.

Àwọ̀ iná náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ o. LED funfun, LED búlúù ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á wá fi nǹkan yẹ́lò bò ó lójú kí àpapọ̀ ẹ̀ lè jọ funfun (búlúù yẹn ni wọ́n tìtorí ẹ̀ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Akasaki, Amano àti Nakamura, ní ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2014). Àwọn tí wọ́n ń tà ní pọ́ọ́kú máa ń jẹ́ kí búlúù pọ̀ níbẹ̀, nǹkan bí 6500 K (K ni wọ́n fi ń wọn àwọ̀ iná, bó bá ṣe ga tó ni búlúù ṣe ń pọ̀ tó), ó tutù lójú. Nínú ihò tí ògiri ẹ̀ jẹ́ àwọ̀ amọ̀, ìmọ́lẹ̀ yẹn máa ń sọ gbogbo nǹkan di ọ̀kan náà, mi ò mọ ibi tó tutù yàtọ̀ sí ibi tó gbẹ, bẹ́ẹ̀ ibi tó tutù ni èèyàn ti ń yọ̀ ṣubú. Èyí tó gbówó lórí wà ní nǹkan bí 4000 K, amọ̀ jọ amọ̀, àpáta jọ àpáta, omi ń dán lọ́tọ̀. Tí mo bá tún wá mí kanlẹ̀, tí ooru ẹnu mi bá gòkè síwájú láàmpù, èyí tó funfun jù yẹn á sọ ọ́ di kùrukùru funfun kan tó bo ojú mi pátápátá, ọ̀kan yòókù náà ń ṣe é àmọ́ kò tó yẹn. Tó bá jẹ́ èmi, ń ó fi ìdajì ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ kí n lè mú àwọ̀ tó dáa.

Ooru ńkọ́, ṣebí wọ́n ní LED ò gbóná? Irọ́ ni. Iwájú ẹ̀ ni kò gbóná. Halogen ń ju ooru ẹ̀ síwájú pẹ̀lú iná, LED ń tì í sẹ́yìn sí ìdí ẹ̀, ẹ̀yìn yẹn sì rèé, páálísítíìkì tí wọ́n dé pa kí omi má wọ̀ ọ́, kò sí irin tó máa gba ooru lọ́wọ́ ẹ̀. Nítorí ẹ̀ ni mi ò ṣe dá àwọn tó ń polówó watt 3 àti watt 5 lóhùn. Á mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, lẹ́yìn náà ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sílẹ̀, bátìrì ò sì ní yéé lọ. Watt kan, ó pọ̀ jù watt kan àbọ̀, ìyẹn ni irú ara láàmpù yìí lè gbé.

Wàyí o, bó ṣe ń kú. Èyí tó gbówó lórí ní sákíìtì kékeré nínú ìdí ẹ̀ tó ń mú kí iná dúró sójú kan, bátìrì ń lọ sílẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ò yí padà, ẹ ò ní mọ nǹkan kan. Ó dùn o! Títí tí bátìrì ò fi ní lè gbé sákíìtì yẹn mọ́, tí iná á wá pa lójijì láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàmpù òde òní máa ń ṣẹ́jú kó tó kú, gílóòbù téèyàn kàn tì bọ inú láàmpù àtijọ́ ò mọ ìyẹn. Ti olówó pọ́ọ́kú ò ní sákíìtì, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́, á ṣókùnkùn, á ṣókùnkùn sí i, kò sì ní fẹ́ kú bọ̀rọ̀, torí tí bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ti lè fún un ní nǹkan tó lé díẹ̀ ní 3 volt, á máa fa iná tíń-tìn-tín, á sì máa tàn.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n rí iṣẹ́ fún gílóòbù tí mo ti ń bú láti òkè. Láàmpù mi ní ihò gílóòbù méjì, ìdí wọn sì bára mu. Mo fi èyí tó dáa sí ibi halogen, mo wá fi olówó pọ́ọ́kú sí ibi gílóòbù kékeré. Tí èyí tó dáa bá kú lójijì, mo kàn máa yí súwíìṣì ni, bátìrì tí sákíìtì ti kọ̀ sílẹ̀ yẹn ṣì máa gbé èkejì, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ ò ju kí n rí ọwọ́ ara mi kí n fi pààrọ̀ bátìrì, ohun tí mo sì nílò nígbà yẹn náà nìyẹn. Ẹ má rò pé èyí ti di iná méjì o. Orísun iná mẹ́ta tí wọn ò gbára lé ara wọn ni kálukú gbọ́dọ̀ gbé wọ ihò, gílóòbù méjì tó ń mu nínú àpótí bátìrì kan, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n kà sí.

Ohun kékeré tó kù: kí ẹ tó sọ pé gílóòbù tuntun ò dáa, ẹ wo irin tó ń fara kan bátìrì, tó bá ti ní ìpẹtà aláwọ̀ ewé, ẹ fi òwú àti fíníígà nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Rọ́bà tó ń dí omi, ẹ fi gíríìsì silicone díẹ̀ pa á, kì í ṣe fasilíìnì, ìyẹn máa ń ba àwọn rọ́bà kan jẹ́. Kí ẹ sì tẹ̀ wáyà níbi tó ti ń wọ inú àpótí, ibẹ̀ ló máa ń já sí nínú láàmpù tó ti dàgbà, á máa tàn á máa pa, àwọn èèyàn á sì máa bú gílóòbù.

Ìràwọ̀ ńkọ́? Olówó pọ́ọ́kú, méjì nínú márùn-ún, torí iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ihò gílóòbù kejì ni mo sì ṣe fún un ní méjì yẹn. Èyí tó ní sákíìtì, mẹ́rin. Kò gba márùn-ún torí pé páálí nìkan ni wọ́n kọ àyè volt ẹ̀ sí, kò sí nǹkan kan lára gílóòbù fúnra ẹ̀, téèyàn bá ti ju páálí nù, méjèèjì jọ ara wọn téèyàn ò bá gbé e sójú dáadáa, èmi ti fi ìṣó ha ìlà kékeré sí ìdí tèmi.