Sísún ọjọ́ ìbò síwájú àti fífa sáà Ààrẹ gùn: èwo ni ti ìgbà wo?

Nídìí àtẹ ìwé ìròyìn ní Ọláìyá, Òṣogbo, ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń ka àkọlé láìra ìwé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Ààrẹ lè ní kí ìbò má wáyé?" Òun nìkan? Kò tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà nínú òfin.

Ọ̀kan wà lọ́wọ́ INEC: bí rògbòdìyàn tàbí àjálù bá fẹ́ bẹ́ sílẹ̀, wọ́n lè sún ọjọ́ síwájú. Èkejì wà ní abala 135 ìwé òfin 1999: Ààrẹ á rí i pé ogun ò jẹ́ kí ìbò ṣeé ṣe, Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ á wá fa sáà rẹ̀ gùn.

Ti INEC yá, àmọ́ ó ń náni lówó. Lọ́dún 2015, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi sún un, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì sí ọjọ́ 28 oṣù Kẹta. Ti 2019 ló dùn mí jù: òru mọ́jú ọjọ́ ìbò gan-an ni wọ́n kéde. Ẹni tó ti Èkó wọkọ̀ wálé wá dìbò, ó di kó tún owó ọkọ̀ wá. Ṣùgbọ́n kò fi ọjọ́ kan kún sáà ẹnikẹ́ni.

Ti abala 135 ṣòro ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ogun náà gbọ́dọ̀ dé orí ilẹ̀ Nàìjíríà, ìfàgùn kan ò sì gbọdọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ. Wọ́n ṣáà lè tún un fà; ibẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù.

Bí ohun èlò ìdìbò bá pẹ́ tàbí ìlú bá gbóná, ti INEC ti tó. Bí ogun bá wọlé débi pé ìbò ò ṣeé dì, ti abala 135 nìyẹn.