Ìkìlọ̀: déètì ara páálí lè má jẹ́ ti ẹyin inú rẹ̀

Ẹ̀yin ará mi, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó tún lọ ra ẹyin. Mi ò ní dárúkọ ilé ìtajà náà, torí pé jìbìtì tí wọ́n lù mí yìí, kò síbi tí wọ́n ti ń ta ẹyin inú páálí tí wọn ò ti lè ṣe é.

Páálí ẹlẹ́yin méjìlá kan ni mo rà. Ó ṣì ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí déètì ara rẹ̀ pé. Mo ṣí i wò, mi ò rí èyí tó sán, mo bá sanwó. Ìgbà tí mo délé tí mo fọ́ àkọ́kọ́ sínú abọ́, ńṣe ni funfun rẹ̀ ṣàn lọ bí omi, pupa rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì pẹ́ tó fi tú. Ẹyin tuntun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Funfun tirẹ̀ máa ń ki ni, á dì mọ́ pupa yí ká, pupa náà á sì wú sókè.

Ara fu mí. Mo bu omi tútù sínú abọ́ jíjìn, mo rọra kó mọ́kànlá tó kù sí i. Mẹ́ta dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ sísàlẹ̀. Mẹ́fà nàró lórí ṣóńṣó wọn. Méjì léfòó. Ẹ gbọ́ ná, ta ló kó ọmọdé, àgbà àti arúgbó pọ̀ sínú páálí kan?

Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ihò wẹ́wẹ́ ló wà lára èèpo ẹyin. Omi inú rẹ̀ ń gba ibẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn ń wọlé, àlàfo tó wà níbi ìdí rẹ̀ tó fẹ̀ á sì máa tóbi sí i. Àlàfo yìí ló ń gbé ẹyin tó ti pẹ́ léfòó. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: kì í ṣe gbogbo ẹyin tó bá léfòó ló ti di òbu, èyí tó sì rì lè ní kòkòrò àrùn Salmonella nínú. Ọjọ́ orí nìkan ni omi ń sọ.

Ohun tí wọ́n ń ṣe rèé. Ẹyin kan á fọ́ nínú páálí, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á mú láti inú páálí mìíràn dí àyè rẹ̀. Ibi tó ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tó bá ti mọ́ wọn lára, ẹyin tí déètì rẹ̀ ti fẹ́ pé ni wọ́n á máa kó sínú páálí tí tirẹ̀ ṣì jìnnà.

Nítorí náà, ẹ má kàn ṣí páálí kí ẹ tún dé e. Ẹ fi ìka ti ẹyin kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá mira ti sán nísàlẹ̀, ó ti jò, ó sì ti lẹ̀ mọ́ páálí. Ẹ fi èékánná họ sítíkà déètì wò bóyá òmíràn wà lábẹ́ rẹ̀. Ní Yúróòpù, wọ́n máa ń lu òǹtẹ̀ sára ẹyin fúnra rẹ̀: nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí wọ́n ṣe sin adìyẹ. 0 ni ti ògáníìkì (adìyẹ tó ń jẹ oúnjẹ tí wọn ò fi kẹ́míkà gbìn), 1 ni èyí tó ń jáde síta, 2 ni èyí tó ń rìn kiri nínú ilé, 3 ni ti kéèjì. Bí páálí bá ní adìyẹ tó ń jáde síta ló yé e, tí ẹ wá rí 3 lára ẹyin, ẹnìkan ti fọwọ́ kàn án. Ní Amẹ́ríkà, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́ta lára páálí, ọjọ́ tí wọ́n dì í ni: 001 ni ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, 365 ni ọjọ́ tó parí ọdún. Àmọ́ páálí nìyẹn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ o. Tèmi ò ní òǹtẹ̀ kankan lára ẹyin, ìyẹn ló jẹ́ kó rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Ní ti àwọ̀ èèpo, ẹ má dà á láàmú. Irú adìyẹ tó yé e ló ń pinnu ìyẹn.

Ọjọ́ kejì ni mo dá a padà, gbogbo mọ́kànlá. Mo ti fi báírò pupa yí déètì ká kí n lè fi hàn wọ́n. Ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà kò tiẹ̀ jiyàn. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n," ó ka owó mi fún mi, ó gbé páálí wọlé. Ìyẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu, ta ló ń dá owó padà wẹ́rẹ́ báyẹn?

Lọ́jọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo lọ ra ọṣẹ níbẹ̀, mo bá yà síbi ẹyin. Páálí tó wà lókè pátápátá, báírò pupa mi ṣì wà lára rẹ̀. Mo ṣí i. Méjìlá ló wà nínú rẹ̀.