Pọ́ǹpù tí mo ń lò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ prósítéètì: oṣù mẹ́sàn-án rèé

Ẹni ọdún 61 ni mí, Kubwa ni mò ń gbé. Jẹjẹrẹ ló jẹ́ kí wọ́n yọ prósítéètì mi, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Rọ́bà ìtọ̀ ti kúrò, ìtọ̀ tó ń já sí mi lára ti dín kù, ṣùgbọ́n nǹkan ọmọkùnrin sùn fọnfọn. Dókítà ní ẹ̀gbẹ́ prósítéètì gan-an ni iṣan (nerve) tó ń jẹ́ kó le gbà kọjá. Bí wọn ò tilẹ̀ gé e, ó ti fara gbọgbẹ́, ó sì lè tó oṣù 18 sí 24 kó tó sọjí. Iṣan yẹn náà ni sildenafil (Viagra) gbójú lé, ìdí nìyẹn tí oògùn ò fi ṣe nǹkan kan fún mi. (Ti burantashi tí mo lọ rà lọ́wọ́ mallam, ẹ má wulẹ̀ bi mí.)

Ni mo bá ra pọ́ǹpù ní Wuse, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀. Ike gbọọrọ ni. Ẹ óò fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, ẹ̀jẹ̀ á ya wọlé, nǹkan á le, ẹ óò wá ti òrùka rọ́bà sí ìdí rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má baà padà. Ẹ má ra èyí tí kò ní ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé tó bá fà jù o.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, omi bọ́ lójú mi. Irun há sábẹ́ ike, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ bíi fọ́kánáísà tí kọ́sítọ́mà ń dúró dè. Ẹ fá irun, ẹ fi gel dáadáa, ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ sinmi, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú 10 lójúmọ́ láìsí òrùka ni mò ń ṣe báyìí, kí ẹ̀jẹ̀ lè máa dé ibẹ̀. Ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀.

Ó ń le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń tutù, àwọ̀ rẹ̀ ń dúdú díẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ń mì bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti dẹ̀. Òrùka ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Ìyá àwọn ọmọ mi ló ń fi fóònù ṣọ́ àkókò. Ọjọ́ tí aago kọ́kọ́ dún mọ́ wa lórí, ẹ̀rín ò jẹ́ ká lè parí ohun tí à ń ṣe. Àtọ̀ kì í jáde mọ́, torí wọ́n ti yọ ibi tó ti ń wá, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ wà níbẹ̀.

Nínú 5, mo fún un ní 4. Òrùka ni mo torí ẹ̀ yọ ọ̀kan: gbogbo èyí tó bá a wá ló fún mi jù. Ẹni tó tà á ní òun á wá èyí tó tóbi fún mi. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé.