Mo fẹjọ́ kánsẹ́lọ̀ sùn: ìràwọ̀ méjì fún ẹjọ́, márùn-ún fún rẹ́jísítà

Kò sí ohun tí mo rà rí tí n kì í sọ bó ṣe rí fún yín, láti orí fíríìsà dé orí bàtà ọmọ. Ti òní yìí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ní òun jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń san owó orí ilé fún káńsù lóṣooṣù mọ̀ pé òun ti sanwó rẹ̀. Iṣẹ́ tí káńsù ń ṣe fún ará ìlú tí kánsẹ́lọ̀ bá hùwà àìtọ́ sí ni mò ń wí, àti rẹ́jísítà, ìwé tí kánsẹ́lọ̀ ń kọ iṣẹ́ àti dúkìá rẹ̀ sí.

Ẹ̀lùbọ́, ẹja gbígbẹ àti ata ni mò ń tà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ọdún kọkànlélógún rèé. Lọ́dún tó kọjá, káńsù pe àwa ọlọ́jà sí ìpàdé lórí owó ìsọ̀. Nígbà tó kàn mí, mo dìde, mo béèrè ìdí tí owó ìsọ̀ fi ń gbẹ́nu sókè nígbà tí omi ẹ̀rọ inú ọjà ò tíì yọ láti Kérésìmesì. Kánsẹ́lọ̀ tó jókòó sórí àga alága wojú mi, ó ní, "Madam, ẹ sọ ọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jókòó."

Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń sọ! Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta, tí mo fi ń bá àwọn oníná jà lórí bíìlì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo jókòó. Jíjókòó tí mo jókòó yẹn ló dùn mí jù.

Ẹ rántí fídíò ìpàdé káńsù kékeré Handforth tó gba orí ayélujára kan ní oṣù kejì ọdún 2021, níbi tí àwọn kánsẹ́lọ̀ ti ń pariwo mọ́ Jackie Weaver, obìnrin tó ń bá wọn darí ìpàdé náà? Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp tí mo wà.

Ọmọ mi obìnrin ló ní, "Màmí, ìwé ìlànà wà fún wọn o." Ó wá fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn jáde lórí fóònù kí n tó bọ́ gèlè. Fọ́ọ̀mù náà ò le: ta ni, níbo, ọjọ́ wo, ta ló wà níbẹ̀. Ìbéèrè karùn-ún ló dá mi dúró: apá wo nínú ìwé ìlànà ni kánsẹ́lọ̀ náà rú? Èmi tí mo wá fẹjọ́ sùn ni kí n tún wá ṣe lọ́yà. Odidi alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo fi ka ìwé náà.

Ohun tí mo rí níbẹ̀ nìyí. Òfin Localism Act ti ọdún 2011 ló sọ pé gbogbo káńsù ilẹ̀ England gbọ́dọ̀ ní ìwé ìlànà ìwà, kó sì bá ọ̀rọ̀ méje kan mu, àwọn ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ Nolan, tó ń ṣọ́ ìwà àwọn tó dipò ìjọba mú, gbé kalẹ̀ ní 1995 lẹ́yìn tí wọ́n ti fẹ̀sùn kan àwọn aṣòfin kan pé wọ́n ń gbowó kí wọ́n tó béèrè ìbéèrè nílé ìgbìmọ̀. Kí o má ro tara rẹ nìkan. Kí ẹnikẹ́ni má lè fi owó dè ọ́. Kí o má ṣègbè. Kí o lè jíhìn. Kí o má fi nǹkan pamọ́. Kí o sọ òótọ́. Kí o jẹ́ aṣáájú tí èèyàn lè fi ìwà rẹ̀ ṣe àwòkọ́ṣe. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀wọ̀ ò sí nínú méjèèje! Ẹ fún àgbà Yorùbá kan ní ìwé kó kọ ohun méje nípa ìwà, ká wò ó bóyá á dé ìkẹta kó tó kan ọ̀wọ̀. Orí bá mi ṣe é, káńsù wa ti gba àwòṣe ìwé ìlànà tí Local Government Association, ẹgbẹ́ àwọn káńsù, gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, ọ̀wọ̀ sì ni nọ́ńbà kìíní nínú ìyẹn. Ibẹ̀ ni mo tọ́ka sí.

Monitoring Officer ni wọ́n ń pe ẹni tó ń gba ẹ̀sùn. Ẹni tiwa mọ iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó ti kọ̀wé sí mi pé ó rí i, ó sì là á fún mi pé kánsẹ́lọ̀ náà á mọ orúkọ mi. Kí ẹni tó bá ń rò pé òun lè fara pamọ́ fẹjọ́ sùn tètè mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, òun àti ẹnì kan tí kì í ṣe ti káńsù, tí òfin ní wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀rọ̀ lọ̀ kí wọ́n tó dá ẹjọ́ tí wọ́n bá wádìí, wò ó bóyá ọ̀rọ̀ mi tó ìwádìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ síbẹ̀. Obìnrin olùwádìí kan fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí Teams, ó fara balẹ̀, ó ní kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ bó ṣe jáde lẹ́nu ọkùnrin náà gan-an. Ohun tó gbà mí là ni pé wọ́n gba ohùn àti àwòrán ìpàdé náà sílẹ̀. Bí kò bá sí ìyẹn, ó ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀, mo ní ó sọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Aládùúgbò mi kan ò rí irú oore bẹ́ẹ̀ gbà. Orí ìlà ilé ọtí ni kánsẹ́lọ̀ ti bú u ní tirẹ̀. Wọ́n dá ìwé rẹ̀ padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan: ìwé ìlànà ò dé ibi tí kánsẹ́lọ̀ ò bá ti sí lẹ́nu iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀. Bó bá bú ẹ nílé ọtí, ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì nìyẹn.

Ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé. Àwọn mẹ́ta ló jókòó, kánsẹ́lọ̀ sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan nínú wọn, ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà ni òun àti ẹni tí mo fẹjọ́ rẹ̀ sùn. N ò sọ pé wọ́n ṣègbè o, wọ́n wo fídíò náà tán, ojú sì ti àwọn náà. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó: adìyẹ mẹ́ta ló ń dá ẹjọ́ ìkẹrin lórí ọ̀rọ̀ àgbàdo.

Wọ́n ní ó jẹ̀bi. Inú mi dùn, mo rò pé wọ́n á ní kó lọ rọ́kún nílé fún oṣù díẹ̀. Rárá. Kó tọrọ àforíjì, kó sì lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn oṣù márùn-ún! Ìwé àforíjì náà dé, ìlà méjì: ó bá mi kẹ́dùn "bó bá jẹ́ pé" ọ̀rọ̀ òun dùn mí. Owó àjẹmọ́nú rẹ̀ ń wọlé bó ṣe ń wọlé.

Ẹ̀bi Monitoring Officer kọ́ nìyẹn. Òfin ló yọ eyín ajá náà. Tẹ́lẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Standards Board for England, ìgbìmọ̀ ìwà inú káńsù sì lè dá kánsẹ́lọ̀ dúró títí dé oṣù mẹ́fà nígbà náà. Ìjọba pa ilé-iṣẹ́ náà rẹ́ ní 2012, agbára ìdádúró bá a lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní kí wọ́n dá agbára oṣù mẹ́fà náà padà. Ní 2022 ìjọba ìgbà náà kọ̀. Ìjọba mìíràn tún bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè èrò àwọn èèyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ní Scotland ńkọ́? Ọ̀tọ̀ ni ilé-iṣẹ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ kánsẹ́lọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì lè dá a dúró fún ọdún kan gbáko. Ààlà kan péré ló wà láàárín wa.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àbúrò mi ní Òṣogbo, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní lábẹ́ ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ilé ẹjọ́ Code of Conduct lè yọ kánsẹ́lọ̀ nípò, kó ní kó má dipò ìjọba mú fún ọdún mẹ́wàá, kó sì gbẹ́sẹ̀ lé ohun tó fi èrú kó jọ. Mo ní eyín rèé! Mo bi í pé ó ti rí ìwé dúkìá kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù rẹ̀ rí bí? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ gidi."

Ọ̀rọ̀ ìwé dúkìá yìí ló mú mi fún apá kejì ní ìràwọ̀ márùn-ún. Níhìn-ín, láàárín ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n tí kánsẹ́lọ̀ bá gba ipò, ó gbọ́dọ̀ kọ iṣẹ́ tó ń ṣe, ilẹ̀ tàbí ilé tó ní ládùúgbò, àti ti ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀, káńsù á sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí gbogbo ayé wò ó. Ọ̀ràn tó ń lọ sílé ẹjọ́ ni bó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi í pamọ́: owó ìtanràn, ó sì lè fi ọdún márùn-ún jìnnà sí ipò kánsẹ́lọ̀. N ò mọ̀ pé rẹ́jísítà náà wà títí ẹjọ́ mi fi parí.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀rọ̀ owó tí káńsù fẹ́ fi tún iwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù òpópónà wa ṣe dé ìgbìmọ̀. Mo jókòó lẹ́yìn káńtà, mo ṣí rẹ́jísítà lórí fóònù, mo tẹ orúkọ ọkùnrin yẹn. Ìyàwó rẹ̀ háyà ṣọ́ọ̀bù kan lójúlé kejìlá, ọkùnrin náà ló sì kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo fi ìlà mẹ́ta ránṣẹ́ sí Monitoring Officer. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí Teams, kò sí oṣù márùn-ún.

Lálẹ́ ìpàdé, kí wọ́n tó dé orí ọ̀rọ̀ náà, alága béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ sọ. Ọkùnrin náà dìde, ó sọ ti ṣọ́ọ̀bù náà, ó gbé kóòtù rẹ̀ kọ́ apá, ó jáde. Ẹ̀gbẹ́ ìjókòó mi ló gbà kọjá. Mo kí i ní "Good evening" tó já gaara.