Akọ̀wé Tí Kò Mọ Arrival Notice: Oṣù Mẹ́ta Tí A Fi Áàpù Tọ́jú Ímeèlì ní Àpápá

Ọ́fíìsì wa wà ní Àpápá, kò jìnnà sí Wharf Road, iṣẹ́ wa sì ni kí á bá àwọn oníbàárà gba ẹrù wọn jáde ní èbúté. Àwa mẹ́rin péré la wà níbẹ̀, àdírẹ́sì ímeèlì kan ṣoṣo sì ni gbogbo wa jọ ń lò, nítorí náà, bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá mọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò tan kọ̀ǹpútà, tí yóò sì bá ọgọ́rùn-ún lẹ́tà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: àlẹ́ẹ̀tì báńkì, ìpolówó bàtà, ìkésíni sí ìpàdé tí a kò béèrè, ìbéèrè oníbàárà tó fẹ́ mọ ibi tí ẹrù rẹ̀ dé, àti, láàárín gbogbo wọn, lẹ́tà kan tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi fi ń sọ fún wa pé kọ̀ǹténà ń bọ̀ wá gúnlẹ̀. Lẹ́tà ìkẹyìn yìí, tí gbogbo wa ń pè ní arrival notice, ni mo fi ń díwọ̀n ẹ̀rọ yòówù tó bá ní òun lè bá mi tọ́jú ímeèlì.

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ èbúté rí lè má mọ ìdí tí lẹ́tà kan fi níyì tó bẹ́ẹ̀. Bí kọ̀ǹténà bá ti gúnlẹ̀, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi á fún ẹlẹ́rù ní iye ọjọ́ kan tí kò ní san nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ wọ̀nyẹn bá ti pé, owó demurrage á bẹ̀rẹ̀ sí í kà lójoojúmọ́, owó ibi tí ẹrù wà nínú ọgbà èbúté náà á sì máa gùn ún lórí. Kí ọjọ́ náà tó pé, a ti gbọ́dọ̀ ní PAAR lọ́wọ́, ìyẹn ìwé àyẹ̀wò tó ń sọ iye owó orí tí ẹrù yóò san, èyí tí àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù ti ń fúnra wọn ṣe láti oṣù Kejìlá ọdún 2013, a ti gbọ́dọ̀ san owó orí ẹrù ní báńkì, a sì ti gbọ́dọ̀ gba ìwé ìdásílẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀. Ìròyìn nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń bá ímeèlì wá, kò sì sí ẹnì kan ní èbúté tí yóò dín owó kù fún yín nítorí pé ẹ ní lẹ́tà sá pamọ́ fún yín.

Áàpù tí a dán wò, n kò ní dárúkọ rẹ̀, torí pé àléébù tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Dọ́là 12 ni a ń san lóṣù, oṣù mẹ́ta gbáko ni a sì fi lò ó. Kò gbà wá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti gbé e kalẹ̀: a fi àdírẹ́sì wa wọlé, ó béèrè àṣẹ láti ka lẹ́tà wa, láti kó wọn síbi tó bá wù ú, àti láti fi èsì ránṣẹ́ lórúkọ wa, a sì tẹ bọ́tìnì «bẹ́ẹ̀ ni» láìka ìyókù ìwé àdéhùn náà. (Ẹ̀bi wa nìyẹn, n ó sì padà sórí rẹ̀.)

N kò ní purọ́, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tuni lára. Ìpolówó bàtà pòórá. Àlẹ́ẹ̀tì báńkì kóra jọ sí ojú kan tí oníṣirò owó wa ti lè kà wọ́n tẹ̀lé ara wọn, láìsí pé ó ń wá wọn káàkiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé áàpù náà mọ lẹ́tà tí a kò tíì dáhùn. Oníṣòwò kan ní Ìdúmọ̀tà ti béèrè iye owó orí ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, olúkúlùkù wa sì rò pé ẹlòmíràn ti fún un lésì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni áàpù gbé lẹ́tà náà wá sókè pátápátá, ó ní ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí ẹni yìí ti ń retí wa. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá mọ síbẹ̀, à bá ṣì jọ wà títí di òní.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni arrival notice kan wọlé láti àdírẹ́sì tí kì í gba èsì, tí àwòrán ọkọ̀ ojú omi kún inú rẹ̀, tí ìkìlọ̀ àwọn agbẹjọ́rò sì gùn nísàlẹ̀ rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ gan-an lọ. Ojú ìpolówó ni áàpù fi wò ó. Ó gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ èyí tó lè dúró, nínú ìròyìn àṣálẹ́ tó sì máa ń fi ránṣẹ́ sí wa, ohun tó kọ ò ju pé òun ti bá wa kó lẹ́tà 41 kúrò lójú ọ̀nà. Èwo lára 41? Kò sọ. Oníbàárà ló pè wá ní ọjọ́ kẹsàn-án láti béèrè ẹrù rẹ̀, ìgbà náà ni a tó tú apẹ̀rẹ̀ yẹn wò, tí a sì bá lẹ́tà náà láàárín ìpolówó fìríìjì àti ti ilé ìtura. Ó ṣe tán, a san demurrage láti inú àpò ara wa, torí pé a kò lè di ẹ̀bi ru oníbàárà, iye tí a san sì ju ohun tí à bá san fún áàpù náà ní ọdún mẹ́ta lọ.

Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló lè ṣàṣìṣe, akọ̀wé tó jẹ́ ènìyàn náà lè gbé ìwé síbi tí kò yẹ. Àmọ́ ẹ lè bi akọ̀wé léèrè ìdí tó fi gbé e síbẹ̀, á sì mọ̀ lọ́la pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Gbogbo bọ́tìnì tó wà lára áàpù yẹn ni mo tẹ̀, n kò rí ọ̀kan tó sọ ìdí. Mo gbé arrival notice náà padà sí ipò pàtàkì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí òmíràn dé láti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ mìíràn, inú apẹ̀rẹ̀ kan náà ló tún wọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti èsì tó ń bá wa kọ. Alhaja kan wà tí a ti ń bá gba ẹrù láti ìgbà tí ọ̀gá wa ti wà ní ọmọṣẹ́, Yorùbá ló sì máa ń fi kọ lẹ́tà sí wa. Ní ọjọ́ kan tí gbogbo wa wà ní èbúté, áàpù fún un lésì pé: «O kú àárọ̀. A ti rí lẹ́tà rẹ. Ṣé o lè fi ìwé rẹ ránṣẹ́?» Kò sí àṣìṣe kan nínú gírámà rẹ̀, kódà àmì ohùn ibẹ̀ pé ju ti àwa fúnra wa lọ. Kò tó wákàtí kan tí Alhaja fi pe ọ̀gá wa: «Ta ni ọmọ tí ẹ ní kó máa kọ̀wé sí mi yìí? Ṣé kò ní ìyá nílé ni?» Ọ̀gá bẹ̀bẹ̀ títí, kò sì jẹ́ sọ fún un pé ẹ̀rọ ni, torí pé, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, ìyẹn ì bá tún dùn ún jù. Láti ọjọ́ náà ni a ti pa èsì àdákọ.

Mo wá ń bi àwọn ènìyàn léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ kí irú ẹ̀rọ yìí ṣe fún wọn. Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ní Broad Street ní òun kò fẹ́ kó ṣe ohunkóhun fún òun, kó ṣáà má ka lẹ́tà àwọn oníbàárà wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ta mí jí. Inú àpótí lẹ́tà tiwa náà ni páálí ìrìnnà, nọ́ńbà owó orí àti ínfọ́ìsì àwọn ènìyàn wà, Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti ọdún 2023 sì ti di ìtọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lé àwa tí wọ́n fi wọ́n síkàáwọ́ wa lórí, síbẹ̀ a gbé kọ́kọ́rọ́ fún ilé-iṣẹ́ òkè òkun kan láìbi ẹnikẹ́ni nínú wọn léèrè.

Ohun tí a wá ń lò báyìí ti wà lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀, òun ni filter inú Gmail, ìyẹn òfin tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ láti sọ ibi tí lẹ́tà kan yóò máa lọ, a kì í sì san kọ́bọ̀ fún un. Orí kọ̀ǹpútà ni ẹ ó ti ṣe é, torí pé áàpù Gmail ti orí fóònù kì í jẹ́ kí ènìyàn dá filter sílẹ̀. A kọ àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sí i, a pàṣẹ pé lẹ́tà wọn kò gbọdọ̀ wọ spam láé, pé kí ìràwọ̀ máa wà lára rẹ̀, kí ó sì máa lọ sábẹ́ àkọlé èbúté. Gbogbo ọgbọ́n tó ní nìyẹn. Bí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ bá yí àdírẹ́sì padà, kò ní mọ̀, àwa ni yóò lọ tún un ṣe; ṣùgbọ́n bí lẹ́tà bá ṣìnà, mo lè ṣí òfin tí mo fọwọ́ ara mi kọ, kí n sì rí ibi tí mo ti ṣì í kọ.

Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀ tí n kò retí. Àdírẹ́sì ni a ní kí filter náà máa wò, a kò ní kó wo orúkọ, orúkọ tó sì ń hàn lókè lẹ́tà, ẹnikẹ́ni ló lè kọ èyí tó wù ú síbẹ̀. Nígbà tí áàpù olówó yẹn ṣì wà, ó gbé lẹ́tà kan sí ipò pàtàkì nítorí pé orúkọ ẹni tó ń tajà fún oníbàárà wa láti Ṣáínà ló wà lórí rẹ̀, tí wọ́n ní kí á san owó sí àkáǹtì tuntun. Oníṣirò owó wa ló fi ìka tọ àdírẹ́sì náà lẹ́tà lẹ́tà, tó rí i pé «m» ti di «r» àti «n» tí wọ́n fún mọ́ra. Ó pe Ṣáínà lórí fóònù kó tó san nǹkan kan. Wọn kò mọ̀ sí i.

Gmail pàápàá ní àléébù tirẹ̀. Gígábáítì 15 tó ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, òun náà ni Drive àti Photos jọ ń jẹ, àwòrán ìwé ẹrù sì máa ń tètè kún un. Ohun tó bá wọ spam, lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ ó ti lọ, ìdí nìyí tí a fi yan ẹnì kan láti máa tú ibẹ̀ wò ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

Ẹni tó ń gba ìròyìn àti ìpolówó púpọ̀, tí lẹ́tà kan tó sọnù kò ní ná an ní owó, lè fún irú áàpù yẹn ní ìràwọ̀ mẹ́rin. Èmi fún un ní méjì, ti ìránnilétí ni méjèèjì. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi í sílẹ̀, ẹ má rò pé pípa á rẹ́ lórí fóònù ti tó. Àṣẹ tí ẹ fún un ṣì wà nínú àkáǹtì Google yín, níbi ọ̀rọ̀ ààbò, lábẹ́ orúkọ àwọn áàpù mìíràn tó so mọ́ ọn, ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbà á kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn tí a rò pé a ti kúrò lọ́dọ̀ wọn ni àwa tó mọ̀.